Chamber lọ́yà kan ní Lagere tó ń bá àwa tá à ń kọ kóòdù ka ìwé àdéhùn iṣẹ́

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó máa wá a kiri nísàlẹ̀: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ló ń sanwó oṣù fún yín, tẹ́ ẹ wá fẹ́ mú kóòdù tẹ́ ẹ kọ níbi iṣẹ́ lọ fún project open source kan (kóòdù tí gbogbo ayé lè kà, tí wọ́n lè lò, tí wọ́n sì lè tún ṣe), ẹ wá lọ́yà tó máa bá yín ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó push ohunkóhun (kẹ́ ẹ tó gbé e jáde), tó bá sì jẹ́ Ilé-Ifẹ̀ lẹ wà, tàbí Iléṣà, tàbí gbogbo ìtòsí wa yìí, àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí mọ iṣẹ́ náà ṣe. Chamber náà wà ní Lagere, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń ta fóònù àti ṣájà nísàlẹ̀ ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn torí òfin iṣẹ́ lọ́yà ti ká wọn lọ́wọ́ kò tipẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìpolówó, màmá tó ni ibẹ̀ sì ti sọ fún mi pé àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pariwo àwọn bí ẹni tó ń ta agbo nínú mọ́tò. Ẹ bi àwọn ọmọ tó ń kọ kóòdù láàárín Mayfair sí Campus gate, wọ́n á júwe ẹ̀ fún yín.

Ohun tó gbé mi lọ rèé o. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ni mò ń bá ṣiṣẹ́ láti ilé mi ní Parakin, software tó ń tẹ rìsíìtì fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń tà. Library open source kan, ìyẹn kóòdù táwọn kan ti kọ sílẹ̀ tẹ́lòmíì lè mú lò nínú tiẹ̀, la fi ń ṣe PDF rìsíìtì yẹn, láísẹ́ǹsì Apache 2.0 ló wà lórí ẹ̀, ìyẹn ìwé tó ń sọ bí aráyé ṣe lè lò ó. Library yẹn dáa gan-an, àfi tí orúkọ oníbàárà bá ti ní àmì báyìí. Ẹni tó ń jẹ́ Ọlọ́runtóbi, àpótí òfìfo á kún orí rìsíìtì ẹ̀, tàbí kí àmì ohùn fò kúrò lórí lẹ́tà tiẹ̀ lọ jókòó sórí lẹ́tà oní-lẹ́tà. Ìdí ẹ̀ ni pé nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tiẹ̀, U+1EB9, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti fi àmì òkè lé e lórí, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ìyẹn, lẹ́tà ẹ á wà láyè ara ẹ̀, àmì á tún tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bíi U+0301. Àwọn ará Vietnam rí gbogbo lẹ́tà alámì tiwọn gbà níkọ̀ọ̀kan, àwa ò rí, àmọ́ ìjà ọjọ́ mìíì nìyẹn. Ẹlòmíì tún wà tó jẹ́ pé kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ máa ń gbé lẹ́tà e lásán jáde, kó tó wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, U+0323, kó tó fi tòkè sí i. Lójú tèmi tìẹ, ìkan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Library yìí wá ń ka àmì kọ̀ọ̀kan bíi lẹ́tà odindi tó bá ti ń wọn fífẹ̀ ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń dàrú. Ọ̀gá mi ní kí n wá nǹkan ṣe sí i, mo sì ṣe é: kó kọ́kọ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC, ìyẹn ọ̀nà kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà á fi máa kọ lẹ́tà alámì kọ̀ọ̀kan, kó wá máa ka lẹ́tà bí ojú èèyàn ṣe ń rí i. Ó ṣiṣẹ́, inú àwọn oníṣọ́ọ̀bù dùn.

Àmọ́ gbogbo ìgbà tí àwọn tó ni library yẹn bá gbé version tuntun jáde, ńṣe la tún máa ń lẹ àtúnṣe yẹn mọ́ ọn lára lẹ́ẹ̀kan sí i, tí wọ́n bá wá lọ yí inú fáìlì kan padà, wàhálà dé nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbé patch ara ẹ̀ kiri rí mọ ohun tí mò ń sọ. Tá a bá fún àwọn tó ni ín, àwọn ló máa máa tọ́jú ẹ̀ mọ́ tiwọn, gbogbo ẹni tó bá ń fi Yorùbá kọ nǹkan á sì jàǹfààní ńbẹ̀. Gbogbo wa níbi iṣẹ́ la gbà pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó wà ńbẹ̀ ò ju pé ṣé tèmi ni tí mo fi fẹ́ gbé e fún èèyàn.

Ibẹ̀ yẹn gan-an sì ni màmá lọ́yà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti múra láti ṣàlàyé git, irinṣẹ́ tá a fi ń tọ́jú gbogbo ìyípadà inú kóòdù, mo ti múra láti ṣàlàyé open source, wọn ò tiẹ̀ bi mí.

“Ẹnjiníà, láptọ́ọ̀pù ta lẹ fi kọ ọ́?”

“Ti ilé iṣẹ́ ni, mà.”

“Ìgbà wo lẹ kọ ọ́?”

“Lásìkò iṣẹ́, mà.”

“Ta ló ní kẹ́ ẹ kọ ọ́?”

“Ọ̀gá mi, mà.”

“Ó dáa. Kí lẹ wá ń bi mí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ mi, wọ́n mú bírò, wọ́n sì ń kà á ní ìlà-ìlà níwájú mi níbẹ̀, wọn ò ní kí n lọ kí n padà wá. Èyí wù mí. Wọ́n ní lábẹ́ Copyright Act 2022, tí Buhari fọwọ́ sí ní March 2023, abẹ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni wọ́n ka ètò kọ̀ǹpútà sí, ibì kan náà pẹ̀lú ìtàn àròsọ àti ewì, torí náà kóòdù kì í ṣe nǹkan àjèjì níwájú adájọ́. Ohun tẹ́ni tó gbaṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ bá sì ti kọ sílẹ̀ láàárín ara wọn, kì í ṣe ohun téèyàn máa fò kọjá.

Nínú ìwé tèmi, wọ́n fa ìlà sábẹ́ ibì kan. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló máa ń sọ pé gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, ti ilé iṣẹ́ ni. Kò síjà. Tèmi ò dúró síbẹ̀, gbogbo ohun tí mo bá ṣe níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń gba owó oṣù wọn ló kọ. Èyí já sí pé géèmù tí mo bá fi láptọ́ọ̀pù ara mi kọ lálẹ́ Sátidé nínú yàrá mi, lórí ìwé, wọ́n lè sọ pé tiwọn ni. Kóòdù rìsíìtì ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ ti wá kan Sátidé mi! Màmá ní ká fi méjèèjì sínú lẹ́tà kan náà: ká tọrọ àyè fún àtúnṣe yìí, ká sì ní kí wọ́n tún gbólóhùn yẹn ṣe, kó jẹ́ pé ohun tí mo bá fi àkókò ara mi àti ẹ̀rọ ara mi ṣe, tí ò sì jọ òwò wọn, tèmi ni.

Mo wá fi ìmọ̀ hàn. Mo sọ fún wọn pé òfin kan wà ní California, Labor Code section 2870, tó ń gbèjà òṣìṣẹ́ lórí irú nǹkan báyẹn gan-an, torí ẹ ò lè tan fóònù báyìí kẹ́ ẹ má rí ẹni tó ń pe nọ́ńbà òfin yẹn.

“Parakin ti wá di California báyìí?”

Mo panu mọ́. Àmọ́ wọ́n gba ìkan lọ́wọ́ mi: GitHub gbé ìwé àdéhùn kan jáde lọ́dún 2017, BEIPA ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ ò ní nawọ́ gán ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe lásìkò ara ẹ̀ tí ò kan iṣẹ́. Màmá kà á, wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ mọ̀wé, wọ́n sì yọ nǹkan díẹ̀ níbẹ̀ lò.

Ibi tí mo ti mọ̀ pé owó mi ò ṣòfò ni ìgbà tí wọ́n ní kí n ṣí kóòdù náà fáwọn. Wọn ò lóye ẹyọ ìlà kan níbẹ̀ o, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní kí ló tún wà nínú ẹ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo ń yí i lọ sísàlẹ̀, mo dé ibi tí test wà, wọ́n ní dúró. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ti kó orúkọ oníbàárà gidi sínú test ṣáájú, torí orúkọ wọn kún fún àmì dáadáa, ó sì wúlò láti fi dán an wò. Màmá yọ awò ojú. “Àwọn èèyàn yìí wà láyé?” Mo ní wọ́n wà. Ni wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ ẹni tó ni kóòdù ti parí ná, ẹ jẹ́ ká sọ ti Data Protection Act 2023, òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ẹni, torí ká tiẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ní kí n kó gbogbo kóòdù lọ, orúkọ àwọn oníbàárà kì í ṣe nǹkan tí wọ́n lè torí ẹ̀ fi tọrẹ fún aráyé. Wọ́n tún fi hàn mí nínú ìwé àdéhùn pé abala ọ̀rọ̀ àṣírí dá dúró lọ́tọ̀, abala ẹni tó ni iṣẹ́ dá dúró lọ́tọ̀, ẹni tó bá gba àyè lórí ìkan ò tíì gbà á lórí ìkejì. Lọ́yà tí ò mọ ohun tí Python, èdè tá a fi ń kọ kóòdù, jẹ́ ló rí èyí o, àwa tá a mọ̀ ọ́n la ti ń wò ó látọjọ́ yìí.

Nígbà tó kàn mí, mo ṣàlàyé fún wọn pé nínú git, ohun téèyàn bá pa rẹ́ lónìí ṣì wà nínú history tàná, torí náà pípa orúkọ rẹ́ nìkan ò tó. Mo bẹ̀rẹ̀ branch tuntun (ẹ̀ka ọ̀tọ̀) látorí kóòdù àwọn tó ni library fúnra wọn, mo tún àtúnṣe náà kọ síbẹ̀ ní commit kan ṣoṣo (àkọsílẹ̀ ìyípadà kan), mo fi orúkọ tí ò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni dípò tàwọn oníbàárà, mo sì fi gitleaks wò ó bóyá password tàbí key kan sá pamọ́ síbì kan. Kò sí.

Ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí ni màmá gbádùn jù. Project yẹn ń lo DCO (Developer Certificate of Origin), ìyẹn ni pé gbogbo commit gbọ́dọ̀ ní ìlà Signed-off-by, orúkọ ẹni àti íméèlì ẹni. Mo sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá fún wọn: ilé iṣẹ́ SCO gbé IBM lọ sí kóòtù ní 2003, wọ́n ní kóòdù tó jẹ́ tàwọn ti wọnú Linux, software open source tó ń darí kọ̀ǹpútà, lọ́nà tí ò tọ́, nígbà tó di 2004 ni Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ gbé DCO kalẹ̀, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá mú kóòdù wá ló máa fi orúkọ ara ẹ̀ jẹ́rìí pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un wá. Ẹ wo ojú lọ́yà nígbà tó gbọ́ ẹjọ́! Wọ́n ní kí n gbé e wá, wọ́n kà á, wọ́n ní “èyí mà jọ affidavit”. Àwa kàn ń tẹ git commit -s, lẹ́tà s kan péré, a rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ lọ ka abala àkọ́kọ́ ẹ̀, ẹ̀ ń sọ níbẹ̀ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé kóòdù yẹn sílẹ̀ lábẹ́ láísẹ́ǹsì tó wà lórí fáìlì náà. Tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ yín ló ni ín, tí wọn ò sì fún yín láyè, ẹ ti parọ́ lórí orúkọ ara yín nìyẹn, orúkọ yẹn ò sì ní kúrò níbẹ̀.

Ibòmíì, CLA (Contributor License Agreement) ni wọ́n ń lò, àdéhùn tí ẹni tó ń mú kóòdù wá máa ń fọwọ́ sí. Apache Software Foundation, àwọn tó kọ láísẹ́ǹsì Apache yẹn, ní ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní ti ilé iṣẹ́. Nínú ti ẹnì kọ̀ọ̀kan pàápàá, wọ́n ti fi síbẹ̀ pé tí ẹni tó gbà yín síṣẹ́ bá ní ẹ̀tọ́ sí ohun tẹ́ ẹ ṣe, ẹ̀ ń sọ pé ẹ ti gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀, tàbí ó ti yọwọ́, tàbí ó ti fọwọ́ sí ti ilé iṣẹ́. GPL náà, láísẹ́ǹsì open source mìíì, tẹ́ ẹ bá kà á dópin, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé, ó ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ yín tàbí ilé-ìwé yín fọwọ́ sí i pé àwọn ò ní í gbà á lọ́wọ́ yín, tó bá pọn dandan. Ẹ̀yin ọmọ Great Ife tẹ́ ẹ̀ ń ṣe project àṣekágbá, mo rò pé ẹ rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ilé-ìwé.

Mo ní team lead mi ti fi àtàǹpàkò sí i lórí Slack, ibi tá a ti ń bára wa sọ̀rọ̀ iṣẹ́, pé ṣebí ó ti tó. Màmá ní ẹni tó fi àtàǹpàkò síbẹ̀ yẹn, ṣé òun ló láṣẹ láti gbé nǹkan ìní ilé iṣẹ́ fún ìta? Mo ní rárá. Wọ́n ní ká wá ẹni tó láṣẹ, director tàbí ẹni tí director bá yàn, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó dárúkọ project náà, kó dárúkọ láísẹ́ǹsì ẹ̀, kó sọ fáìlì tọ́rọ̀ kàn. Wọ́n wá fi ìkan lé e tí mi ò bá má ronú kàn láé, pé kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè náà kan gbogbo àtúnṣe tí àwọn oníproject bá ní kí n ṣe lẹ́yìn tí mo bá gbé e lọ, kó má di pé mo tún ń padà lọ tọrọ àyè nítorí kọ́mà kan. Ẹni tó bá ti ṣe pull request rí, ìyẹn kó ní kí oníproject gba kóòdù òun, mọ̀ pé kò sí èyí tí wọ́n máa ń gbà bó ṣe wá.

Ó dáa, ìràwọ̀ kan tó kù ńkọ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ, háà. Orí ìwé chamber ló wà, “We are solicitors to”, ojú ìwé mẹ́ta gbáko, gẹ̀ẹ́sì tó le ju orí ahun lọ. Tírú ẹ̀ bá dé ọwọ́ HR ní Èkó, wọ́n á rò pé mo fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ ni, ọjọ́ kejì ni wọ́n máa gba láptọ́ọ̀pù wọn. Mo ní “mà, ẹ má bínú, ẹ̀bẹ̀ la fẹ́ bẹ̀ o.” Wọ́n ní bí àwọn ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, àmọ́ wọ́n gbọ́, wọ́n sì tún un kọ: ojú ìwé kan, ní orúkọ èmi fúnra mi, ó bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ilé iṣẹ́ máa jẹ ńbẹ̀, pé a ò ní máa lẹ patch mọ́, pé orúkọ wọn á wà lórí ẹ̀, pé kò sí àṣírí oníbàárà kankan níbẹ̀. Lẹ́tà kejì yẹn ló ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ tètè sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ ò fẹ́ lẹ́tà ìjà.

Wọ́n tún pẹ́. Wọ́n dá Thursday fún mi, Thursday dé, wọ́n wà ní kóòtù n'Iléṣà, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, IBEDC mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ wọn ń ṣàìsàn. Wọ́n sì lọ tẹ gbogbo Apache License sórí ìwé, wọ́n sì gba owó ẹ̀ lójú ìwé-lójú ìwé, nǹkan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò mọ ẹni tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì open source ò yé wọn tó bí àdéhùn iṣẹ́ ṣe yé wọn. Wọ́n rò pé tí wọ́n bá ti gbé e sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ti sọ ẹ̀tọ́ wọn nù pátápátá nìyẹn. Èmi ni mo ń ṣàlàyé pé copyright ṣì wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, Apache 2.0 kàn fún aráyé láyè láti lò ó, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n pín in kiri, pé abala kẹta ẹ̀ sì tún fún wọn láyè lórí patent (ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan) tó bá wà nínú ohun tẹ́ ẹ mú wá. Ìkan yẹn gan-an ni lọ́yà ilé iṣẹ́ wa béèrè nígbà tó yá, ká ní mi ò kà á fúnra mi, mi ò bá má mọ ohun tí mo máa sọ. Torí náà, ẹ gbé ìwé àdéhùn lọ fún wọn, ẹ má gbé ìbéèrè pé láísẹ́ǹsì wo ni kí n mú lọ bá wọn.

Ilé iṣẹ́ gbà. Wọ́n ní kí n fi íméèlì iṣẹ́ ṣe commit, kí n má dárúkọ oníbàárà kankan, ó parí. Ti Sátidé mi, wọ́n ní ó di ìgbà tá a bá tún ìwé àdéhùn ṣe, ìyẹn ni pé a ṣì ń fà á. Ẹni tó ń tọ́jú library náà, Jámánì ló wà, ó ní kí n fi orúkọ Igbo kún test, mo fi kún un lábẹ́ àyè tí màmá ti ní kí wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n merge ẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n gbà á wọlé. Tá a bá fẹ́ upgrade báyìí, ká kàn yí nọ́ńbà version padà ni.

₦35,000 ni wọ́n gbà fún kíka ìwé àti lẹ́tà, ìwé tí wọ́n tẹ̀ yẹn ò sí nínú ẹ̀. Iye tí wọ́n pè fún mi ní chamber kan l'Ékòó, mo kí wọn ni, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ má lọ láàárọ̀, kóòtù ni màmá máa ń wà, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sán, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ pe akọ̀wé wọn. Ẹ mú handbook ilé iṣẹ́ yín dání pẹ̀lú ìwé àdéhùn, torí ìwé àdéhùn máa ń tọ́ka sí i, tẹ́ ò bá sì mú un wá, wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà lọ mú un. Ọmọkùnrin tó ń tẹ ìwé fún wọn máa ní kẹ́ ẹ fi flash sílẹ̀ kó bá yín tẹ kóòdù náà jáde, ẹ ní rárá.